Fíìmù Tí Ó Gba Ẹ̀bùn, Fíìmù Tí Ó Gba Ẹ̀wọ̀n

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1950, ní Hollywood ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a fi ẹ̀bùn Oscar dá fíìmù kan tí a yà ní ilẹ̀ Ìgbò lọ́lá. Orúkọ rẹ̀ ni Daybreak in Udi, èyí tí a lè pè ní "Ojúmọ́ Mọ́ ní Udi". Ní ọdún yẹn kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ René Vautier mú fíìmù kúkurú kan jáde, èyí tí òun náà yà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó sì pè ní Afrique 50. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni a fi san án fún un, a sì fi òfin de fíìmù náà fún ohun tí ó ju 40 ọdún lọ. Àwọn ilẹ̀ tí a ti ya méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn. Àkókò tí a yà wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n sì sọ pé òtítọ́ ni àwọn wá fi hàn. Kí ló dé tí a fi gbé ọ̀kan gun orí àga, tí a sì ti èkejì mọ́ inú túbú? Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò nìyí.

Àwọn baba wa ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Nínú ọ̀rọ̀ yìí ni agbára irú fíìmù tí àwọn Òyìnbó ń pè ní dokumẹ́ńtárì wà. Kì í ṣe eré orí ìtàgé, kì í sì í ṣe àlọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, ènìyàn tí ó wà láyé, ilé tí a lè lọ fi ọwọ́ kàn, ni ó sọ pé òun ń fi hàn wá. Ẹni tí ó jókòó ní London tí ó wo Udi nínú fíìmù gbà pé òun ti fi ojú ara òun rí Udi. Ṣùgbọ́n ojú ta ni ó fi rí i? Ìbéèrè yìí kì í sábà wá sí ọkàn ẹni nígbà tí a bá ti pa iná gbọ̀ngàn, tí àwòrán sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lára aṣọ funfun. Àfojúbà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àfojúbà tí a yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni.

Orúkọ náà, dokumẹ́ńtárì, kì í ṣe ohun àtijọ́. Ọdún 1926 ni John Grierson, ọmọ ilẹ̀ Scotland, lò ó nínú ìwé ìròyìn kan ní New York, nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa Moana, fíìmù tí Robert Flaherty yà ní erékùṣù Samoa. Flaherty yìí kan náà ni ó ti ya Nanook of the North ní 1922, nípa àwọn Inuit tí ń gbé ilẹ̀ òtútù ní Kánádà. Tọmọdé tàgbà ni ó yìn ín nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni a wá mọ̀ pé orúkọ ọkùnrin tí a pè ní Nanook kì í ṣe Nanook, Allakariallak ni. Pé ìbọn ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń fi ṣọdẹ, ṣùgbọ́n Flaherty ní kí wọ́n gbé ọ̀kọ̀ ayé àwọn baba wọn. Àti pé ilé yìnyín tí a rí wọn tí wọ́n sùn sí, ìdajì rẹ̀ ni a kọ́, kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè wọlé fún ẹ̀rọ ayàwòrán. N kò sọ èyí láti fi pe iṣẹ́ náà ní irọ́. Inuit ni wọ́n ní tòótọ́, òtútù tí a rí níbẹ̀ kì í sì í ṣe òtútù àfiṣeré. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ọwọ́ ẹni tí ń yàwòrán ti wà nínú ohun tí ó yà.

Grierson ní tirẹ̀ gbà pé fíìmù lè ṣe ju kí ó dá ènìyàn lára yá lọ. Ó lè kọ́ ará ìlú bí ìlú ti ń rìn. Ó rí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yí lọ́kàn padà, a sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún un ní 1930. Orúkọ ẹ̀ka yìí yí padà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ogun Hitler gbóná, ní 1940, ó di Crown Film Unit. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n wá sí Udi.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé Udi, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sí Èkó, nítorí pé Èkó ni Òyìnbó ti kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ sinimá àti ìlera dán wa wò. Ní 1924, àrùn burúkú kan tí eku ń gbé kiri wọ Èkó, kò sì kúrò ńlẹ̀ títí di 1931. Àwọn wolé-wolé ń wọ ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń pa eku, wọ́n ń wó ilé tí wọ́n bá ní kò dára. Kò sí ẹni tí kò mọ irú ojú tí àwọn ará ìlú fi máa ń wo wolé-wolé. Òyìnbó kan wà nínú iṣẹ́ ìlera yìí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Sellers. Òun ni ó ronú pé bí a bá fi àwòrán han àwọn ènìyàn, bóyá wọn yóò gba ohun tí wọn kò gbà nígbà tí a fi ẹnu sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù nípa eku àti àrùn ní Èkó, ó sì ń gbé ẹ̀rọ sinimá sínú ọkọ̀ kiri ìlú àti abúlé. Iṣẹ́ yìí ni ó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1939, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní London láti máa ya fíìmù fún gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wọn, Sellers ni a fi ṣe olórí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí Sellers ní òun kọ́ ní Nàìjíríà yà mí lẹ́nu títí di òní. Ó ní ojú ènìyàn dúdú kò tí ì mọ àwòrán í wò. Nítorí náà, kí fíìmù tí a bá yà fún un máa lọ jẹ́jẹ́. Kí a má ṣe fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Kí ohun kan náà tí a rí nínú àwòrán kan tún wà nínú èyí tí ó tẹ̀ lé e, kí ó má bàa dààmú. Kí a má sì fi idán kankan sí i. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ láti fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Wọ́n ní a fi ẹ̀fọn han àwọn ará abúlé kan, ẹ̀fọn náà sì tóbi gàgàrà lára aṣọ funfun. Nígbà tí a parí, àwọn ará abúlé náà ní ẹ̀rù kò ba àwọn, nítorí pé ẹ̀fọn ọ̀dọ̀ àwọn kéré. Mo ti gbọ́ ìtàn yìí nípa ẹ̀fọn, mo ti gbọ́ ọ nípa iná orí, mo ti gbọ́ ọ nípa eṣinṣin, ilẹ̀ tí wọ́n ní ó ti ṣẹlẹ̀ kò sì dúró sí ojú kan. Ìtàn tí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ìlú mẹ́wàá báyìí, ó ṣeé ṣe kí ó má ṣẹlẹ̀ ní ìkankan nínú wọn. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀, ta ni ó mọ̀ bóyá àgbà abúlé náà kàn ń fi Òyìnbó ṣe ẹ̀fẹ̀ ni?

Ẹ wo àwa Yorùbá. Kí Òyìnbó tó gbé aṣọ funfun wá ni àwọn alárìnjó ti ń pidán ní ojú agbo. Ènìyàn di ọ̀nì, ọ̀nì di ère, ọmọdé jókòó sí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tí ó ń wò ó, kò sì sí ẹni tí ó lọ gbé àdá láti pa ọ̀nì náà. Àwọn ará Èkó pàápàá ti rí sinimá ní Glover Memorial Hall láti 1903. Kì í ṣe ojú ni kò mọ̀ ọ́n wò. Èmi rò pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni pé ẹni tí ń wò kò fara mọ́ ohun tí a ń sọ fún un, a sì pe àìfaramọ́ rẹ̀ ní àìmọ̀. Ó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 kí onímọ̀ kan, Peter Morton-Williams, tó rin àwọn abúlé Nàìjíríà láti ṣe ìwádìí bí àwọn òǹwòran fúnra wọn ti rí àwọn fíìmù wọ̀nyí sí. Ó ti lé ní 20 ọdún nígbà náà tí a ti ń fi fíìmù kọ́ wọn.

Ohun kan tún wà tí n kò gbọdọ̀ fò. Púpọ̀ nínú àwọn fíìmù wọ̀nyí kò ní ohùn. Ọmọ ilẹ̀ kan ni ó máa ń dúró ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí yóò máa fi èdè àwọn ará ibẹ̀ ṣàlàyé ohun tí ń kọjá lọ. Ògbufọ̀ yìí nìkan ni ó mọ bí ó ti yí ọ̀rọ̀ ìjọba padà kí ó tó wọ etí ará oko. Ó lè fi òwe sí i, ó lè yọ èyí tí yóò bí àwọn àgbà nínú. Fíìmù náà wà ní ilé ìpamọ́ ní London títí di òní. Ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Wàyí o, a dé Udi. Ajẹ́lẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ E. R. Chadwick, ẹni tí ó ti ń bá àwọn ènìyàn agbègbè náà ṣiṣẹ́ ẹ̀kọ́ ìwé àwọn àgbàlagbà àti iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ láti àárín àwọn ọdún 1940. Ìròyìn iṣẹ́ yìí dé London. Crown Film Unit rán Terry Bishop wá láti ya á. Àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n ṣe ara wọn nínú fíìmù náà, Ajẹ́lẹ̀ náà sì ṣe Ajẹ́lẹ̀. Ìtàn inú rẹ̀ kò lọ́jú: àwọn ará ìlú kan tí a ń pè ní Umana fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ ni wọ́n wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Àgbà kan kò gbà, ó ní ohun tí àwọn baba àwọn kò ṣe ni. A bá Ajẹ́lẹ̀ sọ ọ́, ó gbà wọ́n níyànjú, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé náà, agbẹ̀bí dé. Ní òru ọjọ́ kan àwọn alátakò gbé eégún jáde láti fi dẹ́rù bà á, kò sá. A bí ọmọ. Kò pẹ́ tí inú ìlú dùn tán ni wọ́n tún dìde láti la ọ̀nà.

Mo wo fíìmù yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, n kò sì lè sọ pé n kò gbádùn rẹ̀. Ọwọ́ tí ń pọn amọ̀ níbẹ̀, ọwọ́ àwọn tí ó ni ilẹ̀ ni. Ọ̀wẹ̀ kì í ṣe ohun tí Ajẹ́lẹ̀ kọ́ àwọn Ìgbò, bí kì í ti í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kọ́ àwa. Ilé ìgbẹ̀bí sì jẹ́ ohun rere. Ìyá tí kò kú lórí ìkúnlẹ̀ kò bìkítà fún ẹni tí ó yàwòrán. Ibi tí ó ti dùn mí ni pé ojú Ajẹ́lẹ̀ ni a fi wo ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ni ọgbọ́n, òun ni sùúrù. Ọ̀tá kan ṣoṣo tí àwọn ará Udi ní nínú fíìmù náà ni àgbà wọn àti eégún wọn. A kò gbọ́ ohun kan nípa owó orí. A kò mọ ìdí tí ìlú tí ń san owó orí fi ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí àti ọ̀nà tí ìjọba gbogbo ń kọ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ níbòmíràn. Bí fíìmù náà bá sì ń jẹ́ "Ojúmọ́ Mọ́", a jẹ́ pé òkùnkùn ni ohun tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú.

Orúkọ Udi ní ìtàn mìíràn. Ní 1909 ni a rí èédú ilẹ̀ nínú àwọn òkè náà, nítorí èédú yìí ni a sì ṣe tẹ ìlú Enugu dó, tí a la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Port Harcourt dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tí ń wọ inú ihò lọ wa èédú wá láti àwọn abúlé àyíká. Ní oṣù Kọkànlá 1949, ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn ọ̀gá wọn. Ìjọba ń bẹ̀rù nípa àwọn ohun abúgbàù tí a fi ń fọ́ òkúta nínú ihò, wọ́n sì rán àwọn ọlọ́pàá pé kí wọ́n lọ kó wọn kúrò. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, ní Iva Valley, ọ̀gá ọlọ́pàá tí ó jẹ́ Òyìnbó pàṣẹ kí a yìnbọn. Awakùsà 21 ni ó kú. Àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ lé ní 50. Ìbínú rẹ̀ gba gbogbo Nàìjíríà. Ní Èkó, àwọn olóṣèlú tí kì í rí ara wọn sójú tẹ́lẹ̀ jókòó pọ̀ sínú ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo, a sì fi Dókítà Akinọlá Májà ṣe alága wọn.

Ọdún 1949 yìí kan náà ni Daybreak in Udi jáde. Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn tí a sin òkú àwọn awakùsà ni a fún un ní ẹ̀bùn ní Hollywood. N kò dá Terry Bishop lẹ́bi pé kò ya ohun tí kò tí ì ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èédú ti wà níbẹ̀. Àwọn awakùsà ti wà níbẹ̀, ẹjọ́ owó iṣẹ́ wọn sì ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Ó yí kámẹ́rà rẹ̀ sí apá kan òkè, kò sì yí i sí apá kejì. Nínú gbogbo ohun tí ó fi hàn, bóyá ni a fi lè tọ́ka sí irọ́ kan. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá gba ti Udi láti inú rẹ̀ nìkan ti gba ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, sí àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Faransé. Côte d'Ivoire kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí wa. Àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ni a sì bí ní Abidjan. Títí di 1946 ni a fi ń mú àwọn ènìyàn ṣiṣẹ́ ní tipátipá níbẹ̀. Ọdún yẹn ni a fi òfin fòpin sí i nípasẹ̀ akitiyan Félix Houphouët-Boigny nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris, ọdún yẹn náà sì ni a dá ẹgbẹ́ òṣèlú RDA sílẹ̀ ní Bamako. Láti 1949 ni ìjọba Faransé ti dojú ìjà kọ ẹgbẹ́ yìí ní Côte d'Ivoire. A kó àwọn olórí wọn sí túbú. Ní oṣù Kejìlá 1949 àwọn obìnrin fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Grand-Bassam láti béèrè fún àwọn ọkùnrin wọn tí a tì mọ́lé. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, a yìnbọn pa ènìyàn 13 ní Dimbokro.

Àárín rògbòdìyàn yìí ni Vautier bọ́ sí. Ẹni ọdún 21 ni. Ọmọ Brittany ni. Láti ìgbà tí kò tí ì pé ogún ọdún ni ó ti bá àwọn Jámánì jà ní abẹ́lẹ̀ nígbà ogun, ó sì gba àmì ọlá nítorí rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tí ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Faransé ni ó rán an wá, pé kí ó ya fíìmù tí yóò fi han àwọn ọmọ ilé ìwé bí àwọn ará Áfíríkà ti ń gbé lábẹ́ àbójútó Faransé. Bí ó bá ṣe bí a ti rán an, bóyá òun náà ìbá gba ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó rí kọjá ohun tí a ní kí ó wò. Ó rí ilé tí a dáná sun. Ó rí abúlé tí àwọn ọmọ ogun ti kọjá níbẹ̀, tí òkú màlúù wà nílẹ̀, tí ara ògiri kún fún ihò ọta ìbọn.

Òfin kan wà. Ní oṣù Kẹta 1934, Pierre Laval, tí ó jẹ́ mínísítà fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ Faransé nígbà náà, fi ọwọ́ sí àṣẹ kan pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fíìmù ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Laval yìí ni ó di olórí ìjọba tí ó bá Hitler ṣe, tí a sì yìnbọn pa ní 1945 gẹ́gẹ́ bí ọ̀dàlẹ̀. A pa ẹni náà, ṣùgbọ́n a kò pa òfin rẹ̀. Òfin yìí ni ìjọba tí ó pa Laval fi mú Vautier, ẹni tí ó fi ìgbà èwe rẹ̀ bá àwọn ọ̀rẹ́ Laval jà. Mo ti ń ka ìtàn láti ọjọ́ pípẹ́, n kò tí ì rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí ìdí padà tó báyìí.

Afrique 50 kò gùn ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn, bí ẹni pé irú fíìmù tí a rán an níṣẹ́ rẹ̀ náà ni: àwọn ọmọdé ń ṣeré, àwọn obìnrin ń ṣiṣẹ́, odò ń ṣàn. Lẹ́yìn náà ni ohùn tí ń ṣàlàyé bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ó béèrè ibi tí ilé ìwé wà. Ó béèrè ibi tí dókítà wà. Ó mú wa dé abúlé Palaka ní àríwá Côte d'Ivoire, ó sì sọ pé àwọn ọmọ ogun pa baálẹ̀ ibẹ̀. Ó dárúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ òwò ńlá, ó ka iye tí wọ́n ń jèrè. Ìlù àti orin tí a gbọ́ nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ Keïta Fodéba ti ilẹ̀ Guinea ni wọ́n ṣe é. Ohùn Vautier fúnra rẹ̀ ni a ń gbọ́, ó sì ń sáré sọ ọ́ bí ẹni tí ó mọ̀ pé wọn yóò ti ilẹ̀kùn láìpẹ́.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn náà. Ọlọ́pàá gba àwọn fíìmù tí ó yà. Nínú nǹkan bí rọ́ọ̀lù 50 tí ó yà, 17 ni ó rí gbà padà, láti inú 17 yìí ni ó sì ti to ohun tí a ń pè ní Afrique 50 lónìí. Kò sí ilé sinimá tí ó lè fi í hàn. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni wọ́n ń fi í hàn ní ìkọ̀kọ̀ ní àwọn gbọ̀ngàn kéékèèké ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí Vautier jáde kúrò ní ẹ̀wọ̀n kò ronúpìwàdà. Ó kọjá lọ bá àwọn ajà-fún-òmìnira Algeria, ó sì ya ogun wọn ní ìhà ọ̀dọ̀ wọn.

Nítorí òdodo, mo gbọ́dọ̀ sọ pé fíìmù yìí náà kì í ṣe aláìní àbùkù. Ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ni Vautier, a sì ń gbọ́ ọ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìbínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn ní àyè láti ronú fúnra rẹ̀. Ohun tí ó tún le jù èyí lọ ni pé nínú gbogbo ìṣẹ́jú 17 náà, kò sí ará Áfíríkà kan tí ó la ẹnu sọ̀rọ̀ fún wa. A rí ojú wọn, a rí ọgbẹ́ wọn, ohùn Òyìnbó ni a gbọ́. Ohùn agbẹjọ́rò rere ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò kì í ṣe olóhun. Ní ti èyí, fíìmù tí ó gba ẹ̀bùn àti fíìmù tí ó gba ẹ̀wọ̀n fi ara jọ ara wọn ju bí àwọn tí ó ni wọ́n ti rò lọ.

Kì í ṣe pé àwọn ọmọ Áfíríkà kò fẹ́. Ní 1948 ni Colonial Film Unit ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Accra, níbi tí àwọn ọmọ Gold Coast àti ọmọ Nàìjíríà ti kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà. Àwọn tí ó jáde níbẹ̀ padà wá ṣiṣẹ́ fún ìjọba, ohun tí ìjọba sì rán wọn ni wọ́n ń yà. Ní ìhà Faransé, ẹ wo Paulin Soumanou Vieyra. Ọmọ Porto-Novo ni, ìlú tí àwa ń pè ní Àjàṣẹ́. A bí i ní 1925, a rán an lọ sí Paris ní kékeré, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gboyè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga sinimá tí a ń pè ní IDHEC. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ wá sí ilé láti wá ya fíìmù. Àṣẹ Laval dí wọn lọ́nà. A kò fún wọn ní ìyọ̀ǹda. Ní 1955 wọ́n gbé kámẹ́rà wọn sí ìgboro Paris, wọ́n sì ya àwọn ọmọ Áfíríkà tí ń gbé ibẹ̀: àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn agbálẹ̀ òpópónà, àwọn tí ó jókòó sí ilé kọfí tí wọn kò ní ẹni tí wọ́n ń retí. Wọ́n pe fíìmù náà ní Afrique-sur-Seine, ìyẹn Áfíríkà létí odò Seine. Ìjọba tí kò jẹ́ kí wọ́n ya ilé wọn kò mọ̀ pé bí wọ́n bá ya ẹnu ọ̀nà Faransé gan-an, Áfíríkà náà ni wọn yóò rí níbẹ̀.

Bí a bá wá béèrè pé kí ni àwọn fíìmù méjèèjì ṣe láwùjọ, ìdáhùn kò rọrùn. Ti Udi mú kí ọ̀pọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ìjọba wọn ń ṣe rere ní ilẹ̀ òkèèrè, ní àkókò gan-an tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wọ̀nyí ń béèrè pé kí wọ́n kó ẹrù wọn. Kò dá ohunkóhun dúró. Ajẹ́lẹ̀ tí ó kẹ́yìn kó ẹrù rẹ̀. Ti Vautier kò gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni là ní Palaka, kò sì sí ẹni tí a bi léèrè nítorí rẹ̀. Ìgbà tí ó ti di ohun àtijọ́ ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbà kí àwọn ará Faransé máa wò ó ní gbangba, tí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ti kú tàbí ti darúgbó. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹnikẹ́ni kò bẹ̀rù ti Udi. Òfin odindi ni a gbé dìde nítorí irú ti Vautier, láti 1934, kí wọ́n tó mọ̀ pé yóò wà láyé ya fíìmù. Àwọn tí ó ṣe òfin náà mọ ohun tí kámẹ́rà lè ṣe ju bí Sellers ti mọ̀ ọ́n lọ. Wọn kò rò rárá pé ojú ènìyàn dúdú kò mọ àwòrán í wò.

Vautier kú ní oṣù Kìíní 2015, ní ẹni ọdún 86. Rọ́ọ̀lù 17 ni ó fi sílẹ̀ fún wa láti inú ìrìn àjò rẹ̀ ní Áfíríkà. Nǹkan bí 33 tí ó kù, tí àwọn abúlé mìíràn àti ojú àwọn ẹlòmíràn wà nínú wọn, ọwọ́ ọlọ́pàá ni ó rí wọn sí gbẹ̀yìn.